Nígbà Tí Jíà Ẹ̀rọ Ìfúnpo Bá Ń Ké

Ẹ̀kọ́ wa ti ìsinsìnyí dá lórí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń fún epo pupa, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tí irin kan tí ara rẹ̀ lọ́ bíi ti bóòtù sì wà nínú rẹ̀ tí ó ń ti ẹyìn síwájú, tí ó sì ń fún epo inú rẹ̀ jáde. Ilé Ìwádìí Ọ̀pẹ (NIFOR) tí ó wà lẹ́bàá Ìlú Ìbíní wà lára àwọn tí ó ti ṣe irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ fún ìlò àgbẹ̀, àwọn ajórin wa pẹ̀lú sì ń ṣe é ní ìlú púpọ̀. Jíà ẹ̀rọ náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì ni àwọn irin róbótó eléyín tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń gbé e fún irin tí ó ń fún epo.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Àkókò ẹyìn dé, láàrin oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ọdún, nígbà tí ìdì ẹyìn pọ̀ ju ohun tí apá lè ká lọ. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ bu gíríìsì sí i, igbe náà sì rọlẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún bu òmíràn sí i. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹrin, eyín mẹ́ta ti kán lára jíà kékeré, ẹ̀rọ sì dúró gbagidi. Ó di kí a wá jíà mìíràn lọ sí ìlú ńlá. Kí a tó rí i, ẹyìn gbogbo ẹgbẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹyìn tí ó ti fara gbọgbẹ́ kì í fara da ìdúró: bí a kò bá tètè sè é, kíkan inú epo rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, epo tí ó bá sì ti kan kì í pa owó gidi. Owó tí a fi ra jíà tuntun kọ́ ni àdánù tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí; epo tí ó bàjẹ́ ni.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni igbe jíà. Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé igbe jíà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ fún gíríìsì nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń sọ fún yín pé eyín kò pàdé eyín bí ó ti yẹ mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sípánà àti pélébé páànù ni yóò fi tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fi gíríìsì bo ohùn náà mọ́lẹ̀, jíà tuntun ni yóò rà.

BÍ EYÍN JÍÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Jíà kékeré wà lórí ṣáfúùtù kan, èyíinì ni ọ̀pá irin tí ó ń yí. Jíà ńlá wà lórí ṣáfúùtù kejì. Eyín èkíní ń wọ àlàfo èkejì, ó sì ń tì í lọ. Bí jíà kékeré bá ní eyín 17, tí ńlá sì ní 68, kékeré yóò yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyára a dínkù, ṣùgbọ́n agbára a pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì kékeré fi lè fún ẹyìn tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè fún.

Kí iṣẹ́ yìí tó lè rọrùn, ṣáfúùtù méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba bí irin méjì tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá: kí wọ́n má sún mọ́ ara wọn ní ìkángun kan, kí wọ́n má sì jìnnà sí ara wọn ní ìkángun kejì. Nígbà tí wọ́n bá dọ́gba, gbogbo ìbú eyín ni ó ń gba ẹrù. Bí wọ́n bá dagun, etí eyín kan ṣoṣo ni yóò máa gbé ẹrù tí a dá fún gbogbo ìbú rẹ̀. Ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́fà jọ gbé ìtì igi, tí márùn-ún sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹni kan tí ó kù yóò kọ́kọ́ kérora, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣẹ́. Ìkérora yẹn gan-an ni igbe tí ẹ ń gbọ́.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kò sí jíà tí kì í dún rárá. Èyí tí eyín rẹ̀ nà gbọọrọ a máa dún ju èyí tí eyín rẹ̀ dagun lọ, nítorí pé eyín tí ó dagun ń gba ẹrù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n eyín gbọọrọ ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ mọ ohùn ẹ̀rọ yín nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ìyípadà ohùn ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ẹ FETÍ SÍ OHÙN RẸ̀

1. Bí ó bá ń ké wíììì láìdánudúró, tí ohùn náà sì ń ga bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára sí i, ó ṣeé ṣe kí jíà méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn jù, tàbí kí gíríìsì ti gbẹ lójú eyín.

2. Bí ó bá ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí ẹyìn kò sí nínú ẹ̀rọ, àlàfo àárín eyín ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé eyín ti jẹ, tàbí pé bóòtù ti tú. Ó sì lè jẹ́ kíì, irin pélébé tí ó de jíà mọ́ ṣáfúùtù, ni kò há dáadáa mọ́.

3. Bí ó bá ń dún gbì, tí ó dákẹ́, tí ó tún dún gbì, ẹ fi ẹfun sàmì sí ìkángun ṣáfúùtù jíà ńlá níbi tí ó ti yọ síta, kí ẹ sì dúró lókèèrè kí ẹ máa wò ó. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí àmì náà bá yí po, ara jíà ńlá ni àléébù wà. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ẹ̀rọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè, jíà kékeré ni ẹ ó yẹ̀ wò. Eyín kan lè ti kán, tàbí kí ṣáfúùtù ti tẹ̀.

4. Bí ó bá ń kùn rìrìrì bí ọlọ tí òkúta wọ̀, ẹ yẹ bẹ́ríǹgì wò, èyíinì ni òrùka irin tí ó gbé ṣáfúùtù dúró. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilé bẹ́ríǹgì. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀ kí ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún, gbígbóná rẹ̀ ti tó nǹkan bí 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó mọ ìdí rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Jíà kì í mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹyìn àti ìka ọwọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yọ bẹ́líìtì kúrò lórí púlì pátápátá, kí ó má baà sí ẹni tí yóò ṣèèṣì tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọwọ́ yín wà láàrin eyín. Ẹ má ṣe bu gíríìsì sí jíà tí ó ń yí. Ẹ má ṣe fi igi tàbí àkísà nu ún nígbà tí ó ń yí. Kí ẹni tí ó wọ agbádá, tàbí tí ó ró ìró tí etí rẹ̀ ń fì, má sún mọ́ ọn. Ìbòrí páànù tí ó bo jíà kì í ṣe fún ẹwà. Bí ẹ bá tú u láti ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.

ÌDÁNWÒ MẸ́RIN

Èkíní ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ tú bóòtù ẹsẹ̀ kan díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ náà yóò gbéra kúrò nílẹ̀. Bí ó bá gbéra, a jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, bóòtù ni ó ń fi agbára lọ́ gbogbo àga irin náà. Ẹ dè é padà, kí ẹ tó tú ti ẹlòmíràn wò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a gbé ka orí pákó ni ó ń ní àìsàn yìí, nítorí pé pákó a máa rì, a sì máa jẹrà. Orí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí ó ti gbẹ dáadáa ni ó yẹ ẹ̀rọ.

Èkejì ni ti bẹ́líìtì. Bí ó bá le jù, yóò máa fa ṣáfúùtù sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì máa jẹ bẹ́ríǹgì. Bí ó bá jẹ́ mítà 1 ni ó wà láàrin púlì méjèèjì, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì ní àárín méjì, ó yẹ kí ó rọ̀ wọlé ní nǹkan bíi mìlímítà 16.

Ẹ̀kẹta ni ti ṣáfúùtù. Ẹ gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gígùn rẹ̀ bá àlàfo tí ó wà láàrin ṣáfúùtù méjèèjì mu ní ẹ̀gbẹ́ kan jíà. Ẹ gbé igi kan náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ìwọ̀n ṣáfúùtù kò bá yí padà lójú ọ̀nà, igi náà gbọ́dọ̀ bá a mu níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Kí ó má há, kí ó má sì gbò. Lẹ́yìn èyí, ẹ yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bí ògiri bá tọ́, kí ẹ gbé e lé ṣáfúùtù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó bá fi hàn lórí èkíní ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn lórí èkejì. Igi náà yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n sún mọ́ ara wọn ní ìkángun kan. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀kan gbé orí sókè tí èkejì sì tẹ orí ba.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ha dúdú ìdí ìkòkò, kí ẹ fi epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pò ó títí yóò fi ki. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ eyín jíà méjèèjì, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi dúdú náà pa eyín jíà kékeré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ẹnì kan di ṣáfúùtù jíà ńlá mú díẹ̀ kí ó má baà yí fàlàlà, kí ẹlòmíràn sì fi ọwọ́ yí púlì jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí dúdú náà lẹ̀ mọ́ lára eyín jíà ńlá.

Bí ó bá lẹ̀ mọ́ àárín eyín, tí ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbú rẹ̀, ara jíà dá. Bí ó bá jẹ́ etí kan náà ni ó lẹ̀ mọ́ lára gbogbo eyín, ṣáfúùtù kò dọ́gba. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ etí ọ̀tún lára àwọn eyín kan, tí ó sì lẹ̀ mọ́ etí òsì lára àwọn yòókù, jíà ń fì lórí ṣáfúùtù, tàbí kí ṣáfúùtù fúnra rẹ̀ ti tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣóńṣó orí eyín nìkan ni ó dú, jíà méjèèjì jìnnà síra jù. Bí orí eyín bá ń kan ìsàlẹ̀ àlàfo, wọ́n sún mọ́ra jù. Dúdú ìdí ìkòkò kì í purọ́. Àṣìṣe tí igi àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò lè rí, yóò fi hàn.

BÍ A TI Ń TÚN UN TÒ

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àti bẹ́líìtì. Bí bẹ́ríǹgì bá ti ń mì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé asán ni títò ṣáfúùtù tí bẹ́ríǹgì rẹ̀ ti jẹ. Nígbà náà ni kí ẹ tó tú bóòtù ilé bẹ́ríǹgì ní ìkángun tí ó lọ sílẹ̀, kí ẹ sì ki pélébé páànù bọ abẹ́ rẹ̀. Páànù agolo wàrà dára fún iṣẹ́ yìí. Fífẹ́lẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá márùn-ún mìlímítà. Ẹ má ṣe lo pákó, páálí tàbí àkísà. Àwọn wọ̀nyí a máa tẹ̀ wọlé lábẹ́ ẹrù, igbe náà a sì padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, kí ẹ sì máa fi dúdú ìdí ìkòkò dán an wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàrin eyín, fún irú jíà tí ó wà lára ẹ̀rọ ìfúnpo kékeré, ẹ ya ìwé kékeré méjì tàbí mẹ́ta láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, kí ẹ kó wọn lé ara wọn, kí ẹ fi wọ́n sáàrin eyín, kí ẹ sì ti jíà méjèèjì pọ̀ títí wọn yóò fi di ìwé náà mú. Ẹ de bóòtù, kí ẹ yí jíà kí ìwé náà lè jáde. Àlàfo tí ó kù ni ó tọ́. Ẹ yí jíà ńlá po tán pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ibi tí ó ti ń há. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti jíà pọ̀ gírígírí, ariwo yóò tán. Rárá o. Irin a máa wú nígbà tí ó bá gbóná. Bí kò bá ní ibi tí yóò wú sí, yóò jẹ ara rẹ̀.

JÍÀ TÍ KÌ Í ṢE ẸLẸGBẸ́ ARA WỌN

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń ra jíà àlòkù. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Jíà tí a fi mìlímítà ṣe wà, èyí tí a fi ínǹṣì ṣe sì wà, pàápàá lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wá. Wọ́n lè jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹlẹgbẹ́. Bí ẹ ó ti mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ ka iye eyín rẹ̀, kí ẹ fi 2 kún un. Ẹ wọn fífẹ̀ jíà láti orí eyín kan dé orí eyín tí ó kọjú sí i. Ẹ wá fi iye àkọ́kọ́ pín iye kejì yìí. Bí jíà bá ní eyín 20, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 132, ẹ fi 22 pín 132, yóò jẹ́ 6. Bí òmíràn tí ó ní eyín 20 bá fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 140, ìdáhùn rẹ̀ yóò súnmọ́ 6.35, jíà onínǹṣì sì nìyẹn. Bí ẹ bá fi méjèèjì ṣe tọkọtaya, kò sí títò tí yóò pa ariwo wọn. Àní bí ìdáhùn bá tilẹ̀ dọ́gba, ìdagun ojú eyín jíà àtijọ́ mìíràn jẹ́ dígírì 14½, nígbà tí èyí tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí jẹ́ dígírì 20. Nítorí náà, ó sàn kí ẹ ra jíà méjèèjì pọ̀. Jíà tuntun tí a fi kọ jíà tí ó ti jẹ a máa ké, ògbólógbòó a sì tètè ba tuntun jẹ́. Bí ẹ bá sì tú jíà tí ó ṣì dára láti fọ̀ ọ́, ẹ sàmì sí eyín àti àlàfo tí ó bára wọn mu, kí ẹ lè dá wọn padà bí wọ́n ti wà.

Ẹ má ṣe fi fáìlì gé eyín jíà nítorí pé ó ń dún. Ojú eyín ní ìtẹ̀ tí ẹ̀rọ ni ó fi ṣe é. Ọwọ́ lásán kò lè dá a padà.

Ọ̀RỌ̀ GÍRÍÌSÌ

A kò sọ pé gíríìsì kò wúlò. Jíà tí kò ní gíríìsì kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n gíríìsì tí iyanrìn àti ihá ti wọ̀ kì í ṣe gíríìsì mọ́, ọlọ ni. Ẹ nu ògbólógbòó kúrò, kí ẹ fi kẹrosíìnì fọ eyín, kí ẹ tó fi tuntun sí i. Jíà tí ó wà nínú àpótí rẹ̀, epo jíà ni kí ẹ bù sí i dé ojú àmì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ da ìyẹ̀fun pákó sínú àpótí náà kí ó lè dákẹ́, ẹ má ṣe gbà. Dídákẹ́ kọ́ ni ìwòsàn.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, ṣé epo pupa tí a ń fún kò tó láti fi kun jíà ni? Òtítọ́ ni pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, epo pupa wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe gíríìsì ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo pupa lásán a máa kan, a máa jẹ irin, a sì máa dì mọ́ eyín. Ẹ jẹ́ kí epo pupa wà fún ọbẹ̀ àti fún ọjà. Ẹ sì jẹ́ kí gíríìsì jìnnà sí epo pupa pẹ̀lú: ẹ fi páànù kan sábẹ́ jíà tí yóò máa gba ẹ̀kán rẹ̀, nítorí pé ènìyàn ni yóò jẹ epo tí ẹ ń fún.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ yan ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa de bóòtù, tí ẹ ó máa wo bẹ́líìtì, tí ẹ ó sì máa pààrọ̀ gíríìsì. Kí àkókò ẹyìn tó dé lọ́dọọdún, ẹ fi dúdú ìdí ìkòkò dán jíà yín wò. Bí ẹ bá rí i pé ṣáfúùtù ti tẹ̀ tàbí pé eyín ti kán, ẹ má ṣe fi agbára mú un ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ irin, tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ òṣìṣẹ́ àgíríkì tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ̀rọ tí a bá fetí sí ohùn rẹ̀ nígbà tí ó ń kùn kì í dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí ẹyìn bá pọ̀ nílẹ̀.